Oríkì Ilé Wa Nínú Kọ̀ǹpútà

Kọ̀ǹpútà kò mọ ẹni tí à ń bọ̀wọ̀ fún. Ohun tó fi hàn mí ní ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà ní Ìdó lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nínú ọdún 2003, ló jẹ́ kí n máa ṣe wàdùwàdù bí ẹni tí tanpẹ́pẹ́ wọ̀ láṣọ. Ọ̀kadà ni mo gùn padà sí Ùsì, ìlú wa. Mo bá ọlọ́kadà jà pé kò sáré. Nígbà tó sáré, mo tún bá a jà.

Iṣẹ́ ìwádìí yunifásítì ló fà á. Mo ti gba oríkì oríṣiríṣi ìdílé sórí kásẹ́ẹ̀tì, ní Ùsì, Òsì, Ìdó àti Àsin, mo sì ti tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ètò kan wà tí í fi gbólóhùn wé gbólóhùn, tí í sì kó àwọn tó jọra sójú kan. Ti Ùsì bá ti Ùsì lọ, ti Àsin bá ti Àsin lọ. Oríkì ilé wa nìkan ló fi ará ìlú rẹ̀ sílẹ̀, tó lọ jókòó sáàárín àwọn ará Àsin. Mo tún un ṣe, ibẹ̀ náà ló tún jókòó sí, olóríkunkun!

Kì bá tí dùn mí bí kì í bá ṣe ti oyè. Wọ́n fẹ́ fi bàbá mi joyè ní Sátidé. Dàda tí wọ́n jọ du oyè náà sì ti ń wí káàkiri pé àjèjì ni wá, pé ńṣe ni baba ńlá wa rìn wọ̀lú. Bí mo bá kọ èyí síwèé, ẹlẹ́rìí wo ni Dàda tún ń wá? Bí n kò bá sì kọ ọ́, irọ́ ni mo fi ṣe ìwádìí. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Nígbà tí mo délé, bàbá mi ti wọ aṣọ oyè funfun, ó ń dé fìlà wò ní pálọ̀.

"Ọláwùmí, kí ni ẹ̀rọ yín wí?"

"Ó ṣì ń ṣiṣẹ́, sà."

Mo jókòó, mo dìde. Mo gbá ilẹ̀ tó mọ́. Níkẹyìn mo lọ bá Yèyé, ìyá bàbá mi, níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé. Ìyàwó ilé ní í ki oríkì ilé, ẹnu rẹ̀ ni mo sì ti gba tiwa. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Yèyé bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ ibo ni mí?"

"Àsin ni, Yèyé."

"Ugbà mo wọ ulé yìí, ìyá ọkọ mi ti kú. Uyàwó àgbà kankan éè sí. Ta ni yóò kọ́ mi? Bàbá rẹ àgbà jí láàárọ̀, mo kúnlẹ̀, mi éè rí nǹkan sọ. Mo bá fi ti ulé bàbá mi kì í. Inú rẹ̀ dùn."

"Láti ìgbà yẹn, ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ta ló bi mí?"

Ara tù mí. A kì í ṣe àjèjì! Ẹ̀rín ni mo fẹ́ rín tí mo fi rí bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà, fìlà lọ́wọ́. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin tí orí rẹ̀ máa ń wú bí Yèyé bá ti kì í ní 'ọmọ òkè afìrì-wẹsẹ̀'!

"Ti ulé wa gan-an ńkọ́, Yèyé?" bàbá mi bèèrè.

Yèyé gbé abọ́ ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kú, ọmọ mi."

Àánú bàbá mi ṣe mí, omi sì lé sí mi lójú. Bàbá mi yíjú sí mi.

"Kọ ọ́ bó ṣe rí. Kí Dàda kà á."

Lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀ sórí èèpo ẹ̀gúsí, tòun ti aṣọ funfun.

"Ẹ kì mí, Yèyé."

"Èyí wo?"

"Èyí tí ẹ ní."