Àdúrà Tí Alága Lọ Gbà ní Dọ̀pẹmú

Kí ayé tó máa pè é ní Alága, Gbénró Dàwódù lásán ni, ọ̀kan lára àwọn tó ń dúró ti iná ìléru nílé iṣẹ́ abọ́ tánńganran kan ní Ìkẹjà. Ẹnu ọmọ náà mú o! Ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, òun ló gun orí dúrọ́ọ̀mù lẹ́nu géètì, tó ń dá bírà lórí ọ̀rọ̀ títí àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n rán wá lé wọn fi ń rẹ́rìn-ín. Àlàájì Làsísì, alága ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ní gbogbo ìpínlẹ̀ nígbà yẹn, ń kọjá lọ nínú ọkọ̀. Ó ní kí awakọ̀ dúró, ó fetí sílẹ̀ títí, ó wá ní, "Ẹ bá mi pe ọmọ yẹn wá." Bí òṣèlú ṣe mú Gbénró nìyẹn.

Ilé Àlàájì ní Dọ̀pẹmú ló ń gbé, ibẹ̀ ló ń jẹ, ibẹ̀ ló ń mu. Àlàájì ló fẹ́ ìyàwó fún un. Àlàájì ló fi í ṣe káńsẹ́lọ̀, òun náà ló fi í ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n á rò pé ńṣe ló bí i lọ́mọ.

Kí ni Gbénró wá fi san án fún un? Ẹ gbọ́ o. Nígbà tí àwọn ńláńlá inú ẹgbẹ́ sọ pé Àlàájì ti dàgbà jù, pé kó lọ sinmi, Gbénró jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín nílé Àlàájì láàárọ̀ ọjọ́ mítìn. Ó nu ẹnu, ó ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, mo wà níbẹ̀." Ó débẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí alága kúrò nípò nawọ́ sókè. Ọwọ́ Gbénró ló kọ́kọ́ lọ sókè. Háà! Ọwọ́ tí kò tíì gbẹ! Kí ilẹ̀ tó ṣú, òun ni wọ́n fi jókòó sórí àga ọ̀hún. Láti ìgbà náà, kò tẹsẹ̀ sí Dọ̀pẹmú mọ́. Ó máa ń fi ìrẹsì àti àgbò ránṣẹ́ bí ọdún Iléyá bá dé, àmọ́ kóun fúnra rẹ̀ lọ, rárá o. Ojú ń tì í.

Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Sódìq. Ibi tó ti ń tún fóònù ṣe ní Computer Village ni Gbénró ti rí i, tó gbé e sókè títí tó fi di akọ̀wé ẹgbẹ́. Sódìq yìí náà ló ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn báyìí, tó ń sọ pé Alága ti jókòó pẹ́ jù. Mítìn di ọjọ́ Ajé. Àwọn ọkùnrin ti pín sí méjì, kò sí apá tó ju ìkejì lọ. Ó wá ku àwọn obìnrin, ibi tí olórí wọn bá sì na ọwọ́ sí ni gbogbo wọn ń na ọwọ́ sí. Ta wá ni olórí obìnrin ẹgbẹ́? Màrdíyyàh ni, ọmọ Àlàájì Làsísì.

Ẹ̀rù ba Gbénró, ẹ̀rù gidi. Bí wọ́n bá yọ ọ́, kí ló kù fún un? Ilé iṣẹ́ tánńganran ti kú tipẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ibẹ̀ ṣe báyìí. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Ó sì mọ bí ayé ṣe ń ṣe sí alága àná: ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀ á máa wo ojú ọ̀run kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló rò pé ó lè yọ òun. Màrdíyyàh kì í kọ ọ̀rọ̀ sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu. Tóun bá lè lọ bẹ Bàbá, tí Bàbá bá foríjì, tó bá bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó parí.

Bó ṣe gba Dọ̀pẹmú lọ lọ́sàn-án Sátidé nìyẹn, òun nìkan, kò mú ọmọ ẹ̀yìn kankan dání. Màrdíyyàh ló ṣílẹ̀kùn. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Gbénró. Ọ̀nà yín mà jìn o."

"Màrdíyyàh, jọ̀ọ́, má bínú. Bàbá ni mo wá rí."

"Mo mọ ohun tí ẹ bá wá. Mi ò ṣèlérí fún Sódìq, mi ò sì ní ṣèlérí fún ẹ̀yin náà. Ohun tí Bàbá bá ní kí n ṣe ni màá ṣe. Ẹ wọlé, ẹ lọ bá wọn sọ ọ́."

Bàbá jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ó ti rù, fìlà tóbi mọ́ ọn lórí. Gbénró dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó ti to ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ jọ láti ilé wá. "Bàbá, mo ṣẹ̀..."

"Gbénró!" Bàbá ké, ayọ̀ bò ó lójú. "O ti dé? Ṣé mítìn ti parí?"

"Mítìn wo, Bàbá?"

"Mítìn àárọ̀ yìí ńkọ́! Ṣebí ibí lo ti jẹ ẹ̀kọ jáde. Kí ni wọ́n wí? Ṣé wọ́n yọ mí?"

Gbénró gbójú sókè wo Màrdíyyàh. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí iyè Bàbá ti ra, tí wọ́n ṣì wà nínú àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí bóyá ẹ ti dé."

Ẹ̀bẹ̀ ṣì wà lẹ́nu Gbénró. Ì bá sọ ọ́. Bí Bàbá ò tilẹ̀ mọ ohun tó ń wí, ọmọ tó dúró síbẹ̀ yẹn mọ̀ ọ́n, ohun tó sì ń retí láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá nìyẹn. Àmọ́ òṣèlú ti wọ Gbénró lára. Ó rí i pé arúgbó yìí ò mọ̀ pé òun dalẹ̀, pé ó ṣì fẹ́ràn òun bíi ti àtijọ́. Kí ló wá ń bẹ̀ fún? Ó gbé ẹ̀bẹ̀ mì.

"Wọn ò yọ yín, Bàbá. Mo dúró gbọn-in."

"Alhamdulillahi!" Omijé bọ́ lójú Bàbá. "Mo sọ fún wọn! Mo ní, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn dalẹ̀, Gbénró ò ní dalẹ̀!"

Ojú ti Gbénró. Síbẹ̀ ó sọ ọ́. "Bàbá, èmi náà ní mítìn lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n fẹ́ yọ mí. Ẹ bá mi sọ fún Màrdíyyàh kó dúró tì mí."

"Ìyẹn nìkan? Màrdíyyàh! Wá kúnlẹ̀ níbí."

Màrdíyyàh kúnlẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ kan lé ọmọ rẹ̀ lórí, ó gbé èkejì lé orí Gbénró.

"Ohun tí Gbénró ṣe fún mi ní mítìn, òun gan-an ni kí o ṣe fún un lọ́jọ́ Ajé. Kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé."

Gbénró fẹ́ dìde, ọwọ́ Bàbá wà lórí rẹ̀. "Bàbá, ẹ má wulẹ̀..."

"Dákẹ́, o tó bẹ́ẹ̀, o jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màrdíyyàh, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá," ni Màrdíyyàh wí. Omi lé rọ̀ǹdọ̀ sí òun náà lójú, ṣùgbọ́n kò yí ojú kúrò lára Gbénró. "Bí Bọ̀ọ̀dá Gbénró ṣe ṣe é fún yín gẹ́lẹ́ ni màá ṣe é."

"Ó dára. Bí o ṣe ṣe sí mi, Gbénró, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run yóò jẹ́ kí wọ́n ṣe sí ọ. Àwọn ọmọ tí o tọ́ yóò ṣe é fún ọ."

Bàbá dẹ etí sí Gbénró.

"Gbénró, mi ò gbọ́ àmín rẹ."

Ta ni àgbà ń gbàdúrà fún tí kì í ṣàmín? Kí ló fẹ́ wí pé ó fà á tóun ò fi lè ṣe é? Ó dojú bolẹ̀.

"Àmín, Bàbá."

"Kó dún dáadáa!"

Gbénró tún un wí sókè, Màrdíyyàh sì bá a ṣe é.