Ògiri Tí Kò Ní Igun

Oyèníran bíríkìlà ń to búlọ́ọ̀kù sórí ògiri kan tí ìdí rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Kò yà á lẹ́nu. Ó bu sìmẹ́ńtì, ó tẹ́ ẹ, ó gbé búlọ́ọ̀kù lé e, ó sì tún bu òmíràn. Ògiri náà wà láàárín ilẹ̀ tó rà sẹ́yìn ìlú Ìkìrun. Kò ní igun lápá ọ̀tún, kò ní lápá òsì, afẹ́fẹ́ sì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Abẹ́ní ìyàwó rẹ̀ ti kó wọ ilé náà. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó to ìkòkò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé àga síbi tí pálọ̀ yóò wà. Páànù tí wọ́n fẹ́ fi bo ilé ń rábàbà lókè bí àwòdì, wọ́n ń wá igun tí wọn yóò bà lé. Òjò ti ṣú.

Abẹ́ní béèrè ìgbà tí yóò gbé igun. Oyèníran ṣàlàyé fún un, bó ti ń ṣàlàyé láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọ̀gá ni igun. Ọ̀gá ni í gbé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí í na okùn láti ọ̀kan dé èkejì, kí ọmọ iṣẹ́ tó máa to àárín lọ. Bí igun bá wọ́, ilé wọ́ nìyẹn. Ọ̀gá Sùnmọ́nù tó kọ́ òun níṣẹ́ sì kú kó tó ṣe fíríìdómù fún òun. Kò gbàdúrà fún òun, kò fi igun lé òun lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí Oyèníran fi ń to àárín lábẹ́ ọ̀gá yìí, lábẹ́ ọ̀gá yẹn, títí ewú fi gba irùngbọ̀n rẹ̀. Ká má purọ́, kò sẹ́ni tó so ó mọ́ àárín. Ó kàn mọ́ ọn lára ni.

Bó ti ń ṣàlàyé ni ògiri ń gòkè. Ó ní ikú ọ̀gá òun ló fà á, ògiri gòkè dé orúnkún rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kò dúró ti òun, ó dé ìbàdí. Ó ní ìlú yìí kò mọyì oníṣẹ́ ọwọ́, kò sì tíì sọ ọ́ tán tí ògiri fi ga ju fìlà rẹ̀ lọ. Búlọ́ọ̀kù kan bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó dákẹ́, òòyì ti ń kọ́ àwọn.

Ọ̀gá Sùnmọ́nù gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ẹnu ọ̀nà náà dá dúró láìsí ògiri, síbẹ̀ ó kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ló wọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní. Oyèníran dọ̀bálẹ̀. Inú rẹ̀ dùn gan-an, ó rò pé wàhálà ti parí. Ó gbé búlọ́ọ̀kù fún un, ó bẹ̀ ẹ́ kó bá òun gbé igun kan péré, òun á máa bá a lọ láti ibẹ̀.

Ọ̀gá Sùnmọ́nù jókòó sórí àga Abẹ́ní, ó ní kí wọ́n fún òun lómi mu. Ó ní òun ti gbé igun tòun nígbà tí òun wà láyé. Oyèníran rán an létí fíríìdómù.

Ọ̀gá gbé ife sílẹ̀. “O gbéyàwó, o bímọ, o ra ilẹ̀. Èwo lo gba àyè ẹ̀ lọ́wọ́ mi nínú wọn?”

Ojú ti Oyèníran, inú sì bí i. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú ìkòkò. Abẹ́ní kò sọ̀rọ̀ líle. Ó mú èèkàn kan, ó rìn lọ síbi tó wù ú, ó kàn án mọ́lẹ̀.

Ó ní, “Bàbá Tinúkẹ́, ibí ni mo fẹ́ kí oòrùn àárọ̀ máa gbà wọlé.”

Oyèníran kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ó gbé igun, igun náà wọ́, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ó tú u palẹ̀, ó tún un gbé, ó di ojú kan, ó fi èkejì wò ó. Ó gún régé. Ó gbé igun mẹ́ta tó kù, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ na okùn. Ògiri rọra sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn náà, gbogbo búlọ́ọ̀kù sì mí kanlẹ̀. Páànù bà lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjò ń lu wọ́n lókè, ara Abẹ́ní gbẹ nísàlẹ̀. Orí Oyèníran wú. Ó ń rìn yí pálọ̀ rẹ̀ ká, ó ń fọwọ́ pa igun kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pa orí ọmọ.

Nígbà tí òjò dá, Ọ̀gá Sùnmọ́nù dìde. Ó ṣí fìlà, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń wáṣẹ́.

“Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ ń wá lébìrà?”

Oyèníran wò ó dáadáa. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dọ̀bálẹ̀. Ó na ṣọ́bìrì sí i.

“Ẹ bọ́ bàtà yín. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la fẹ́ kọ́.”

Páànù gbọ́. Wọ́n dìde lórí ilé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì fò lọ sókè láti fi àyè sílẹ̀.