Bẹ́líìtì Ìjókòó Ẹ̀yìn

Bàtà Rhonda nìkan ni Lyle ń rí. Ó nà gbalaja lábẹ́ mọ́tò aláwọ̀ ilẹ̀ kan, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, òòfà lọ́wọ́, bàtà funfun méjèèjì náà sì ń lọ, wọ́n ń bọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀.

"Ṣé o ti sùn síbẹ̀ ni?" ni bàtà wí.

Lyle ò fèsì. Tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Bí kò bá tilẹ̀ sí níbẹ̀, ọdún mẹ́rìnlá tó fi gbé pẹ̀lú obìnrin yìí kí wọ́n tó kọ ara wọn sílẹ̀ ti kọ́ ọ pé èsì kan a máa bí mẹ́wàá. Ó gbé òòfà lé irin tó wà lókè táyà ẹ̀yìn. Òòfà já bọ́. Ó tún gbé e lé e, ó tún já bọ́. Inú rẹ̀ dùn lábẹ́ ibẹ̀ bí ẹni tó rí owó he.

"Ó ti jẹra," ó wí, bó ṣe ń fẹ̀yìn wọ́ jáde. "Pọ́tì tí òòfà ò lè mú ni wọ́n fi dí i, wọ́n wá fi ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀."

Ní Michigan, iyọ̀ tí ìjọba ń dà sójú títì nígbà yìnyín a máa jẹ irin bí ikán ṣe ń jẹ igi. Kò sí ọkùnrin kan tó dàgbà níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé ikùn mọ́tò ni à á kọ́kọ́ wò, ká tó wo ojú rẹ̀. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Lyle Novotny ní tòun gbà pé òun mọ̀, nítorí pé òun ní òòfà, bàbá òun ló sì fi í sílẹ̀ fún òun.

Mísíìsì Ostrander, opó arúgbó tó ni mọ́tò náà, jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ pẹ̀lú ife kọfí. Ó ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn kí Lyle tó rá wọ abẹ́ mọ́tò: ọkọ òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ dí ibẹ̀ kó tó kú, àti pé yàtọ̀ sí ojú kan ṣoṣo yẹn, mọ́tò náà ò já òun kulẹ̀ rí, ì báà ṣe nínú òtútù. Lyle ò gbọ́. Ẹni tó bá gba òòfà gbọ́ kì í gbọ́ tẹnu opó.

Rhonda náà ò fẹ́ mọ́tò yìí, ṣùgbọ́n tirẹ̀ yàtọ̀.

"Ẹ wo àwọ̀ ẹ̀," ó wí. "Ta ló ń gbé ọmọ ọdún méjìdínlógún sínú pósí?"

"Èmi ń sọ̀rọ̀ irin, ìwọ ń sọ̀rọ̀ àwọ̀. Bí o ṣe ra àga ilé wa nìyẹn. Ó dùn ún wò, ó sì wó lọ́jọ́ Kérésì."

"Àga ò wó. Ìwọ lo wó o."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ lójú opó náà. Ọmọ wọn, Delaney, ti wọnú mọ́tò ní tirẹ̀. Ó ti tún dígí ṣe sí ìwọ̀n ojú ara rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárìn. "Èmi fẹ́ràn èyí," ó wí. Kò pariwo. Mísíìsì Ostrander nìkan ló gbọ́, ó sì mi orí sí i.

Ọjọ́ Sátidé lọjọ́ náà. Ní ọjọ́ Ajé, Delaney máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú kan tó jìnnà ní ìrìn wákàtí kan, bọ́ọ̀sì kankan ò sì ń lọ síbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni yóò máa padà wá sílé láti ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bí kò bá sí mọ́tò, kò sí ilé-ìwé; wọ́n ti sọ fún un pé àwọn tó ń dúró de àyè pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá àti ìyá rẹ̀ wá fẹ́ jọ dá owó náà, ìdajì-ìdajì. Lyle ta ọkọ̀ ojú omi tó fi ń pẹja. Rhonda gba iṣẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kún èyí tó ń ṣe ní ilé oògùn. Bí kò sì ti sí ẹni tó lè fi owó tirẹ̀ lé èkejì lọ́wọ́, àwọn méjèèjì ló ní láti wá. Ohun tí wọn ò sọ síta ni pé olúkúlùkù fẹ́ kó jẹ́ òun lòun yan mọ́tò náà, kó jẹ́ pé nígbà tí yìnyín bá bo títì tí ọmọ sì délé láyọ̀, òun lọmọ máa rántí.

Wọ́n padà sínú píkọ́ọ̀pù Lyle, èyí tí wọ́n ti jọ ń lò látìgbà tí wọ́n wà pa pọ̀. Rhonda jókòó síwájú, Delaney sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Rhonda yíjú wo ẹ̀yìn níbi tó fẹ́ gbé báàgì rẹ̀ sí, ó rí bẹ́líìtì ìjókòó tó wà lẹ́yìn Lyle, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Delaney, tó dẹ̀ sílẹ̀ lórí àga, tí kò wọlé padà.

"Títí di òní lo ò tíì tún nǹkan yìí ṣe. O wá fẹ́ yan mọ́tò fún ọmọ."

"Àwọn tó ṣe é ló yẹ kí o bú. Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti ra mọ́tò yìí. Kò sẹ́nì kan! Ó kàn kú fúnra ẹ̀ ni. Iṣẹ́ jákujàku."

Delaney ń wo oko àgbàdo tó ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nígbà tí ó di ọ̀sán, Rhonda yọ búrẹ́dì tó fi ẹran sí láàárín. Méjì ló dì wá, ti òun àti ti ọmọ. Delaney gé tirẹ̀ sí méjì, ó na ìdajì sí bàbá rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Rhonda rí i, ó wo ojú fèrèsé, Lyle sì jẹ búrẹ́dì náà díẹ̀díẹ̀ kó lè pẹ́ lójú rẹ̀.

Kip Dressler ló ni mọ́tò kejì. Ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ni. Mọ́tò náà dúró lórí koríko iwájú ilé rẹ̀, ó ń dán bíi fàdákà, nọ́ńbà fóònù wà lójú dígí. Owó rẹ̀ ò ju èyí tó wà lọ́wọ́ wọn lọ. Kip ní Texas ni àbúrò òun ti wà á wá ní oṣù tó kọjá, yìnyín ò kàn án rí, iyọ̀ ò kàn án rí.

"Ẹ wo abẹ́ ẹ̀," ó wí fún Lyle. "Ìpẹtà ti bà yín lójú jẹ́ níhìn-ín. Ẹ ò rí irin tó mọ́ rí."

Lyle rá wọ abẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Gbogbo ibi tó gbé òòfà lé ló ti mú un, tó fi jẹ́ pé agbára ló fi ń já a. Kò sí ìpẹtà, kò sí pọ́tì, irin náà mọ́ bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà. Láti ìgbà tó ti dáyé, Lyle ò rí abẹ́ àlòkù mọ́tò tó rí báyìí, omi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó jáde, kò gbọn ìdọ̀tí ẹ̀yìn rẹ̀ nù.

"Èyí ni," ó wí.

Bó ṣe ní èyí ni, bẹ́ẹ̀ ni Rhonda ní èyí kọ́. Ó ní òórùn lọ́fínńdà inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó ń rùn bí ilé ìgbẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Lyle ní kò sí ohun rere tí òun mú wá rí tí kò rùn nímú rẹ̀. Kip na kọ́kọ́rọ́ sí wọn, ó ní kí wọ́n lọ wà á wò, òun ò ní bá wọn lọ. Ojú rẹ̀ ń sọ pé òun mọ ọ̀nà tí ìjà yìí máa gbà parí.

Lyle ló wà á. Ẹ́ńjìnnì náà ń lọ jẹ́jẹ́.

"Ṣé o gbọ́ bó ṣe dákẹ́?"

"Mo gbọ́. Píkọ́ọ̀pù tìẹ náà dákẹ́ lọ́jọ́ tí o fi ọmọ sílẹ̀ nínú yìnyín níwájú ilé-ìwé."

"Táyà ló bẹ́ lọ́jọ́ yẹn."

"Bátìrì lo pè é nígbà yẹn."

Lyle ní òun pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà, kó sọ ibi tó wà tí kò fi gbé e. Rhonda ní ibi iṣẹ́ ni, ibi tí owó ilé ti ń wá nígbà tí àwọn kan ń pẹja. Wọ́n ń hú òkú ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé e kalẹ̀ síwájú ara wọn: àga ọjọ́ Kérésì, ìsìnkú ìyá Lyle tí Rhonda ò dé bọ̀rọ̀, ajá tó sọnù. Ohùn wọn ń ròkè. Láti ẹ̀yìn, ìró kan ń dún, ó ń dún, ó ń dún. *Ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀, páà. Ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀, páà.*

"Delaney, fi bẹ́líìtì yẹn sílẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu Lyle kó tó mọ̀ pé òun fẹ́ sọ ọ́. Ìró náà dá. Rhonda ní kó má jágbe mọ́ ọmọ òun. Lyle ní ọmọ ta ni?

"Dádì, ẹ dúró."

"Mò ń bá ìyá ẹ sọ̀rọ̀."

"Ẹ páákì, Dádì."

Ó páákì sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko àgbàdo. Delaney di bẹ́líìtì ìjókòó òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú. Ó ti fà á jáde tán pátápátá, dé ibi tí kì í jáde sí bí èèyàn bá kàn fẹ́ dè é mọ́ra. Apá tó wà lókè mọ́ tónítóní, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ le gbagidi, ẹrẹ̀ pupa ti gbẹ mọ́ ọn, koríko tín-tìn-tín kan lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ náà, ìlà kan sì dábùú rẹ̀ níbi tí omi gùn dé.

Lyle sọ̀kalẹ̀, ó ṣí búùtù, ó gbé táyà tó wà níbẹ̀ kúrò. Iyanrìn ló wà lábẹ́ rẹ̀, kíkúnná bíi ti etí odò. Omíyalé ti gbé mọ́tò yìí mì rí. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti sá a, wọ́n ti fín lọ́fínńdà sí i, wọ́n wá gbé e wá síbi tí àwọn èèyàn ò ti bẹ̀rù ohun mìíràn ju ìpẹtà lọ. Wáyà inú rẹ̀ ì bá máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ì bá sì dákú pátápátá lójú títì nínú oṣù Jánúárì, ní alẹ́, tòun ti ọmọ nínú. Lyle dá táyà náà padà, ó ti búùtù.

Ó wọlé, ó jókòó. Ìtìjú mú un, ṣùgbọ́n ìwúrí díẹ̀ náà wà ńbẹ̀, nítorí ó rò pé bóyá òun ló ti kọ́ ọmọ náà nígbà kan tí òun ti gbàgbé.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń wò?"

Delaney ń rọra dá bẹ́líìtì náà padà sínú ilé rẹ̀. "Mi ò wo nǹkan kan, Dádì. Ẹ̀ ń jà ni."

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ni àwọn àgbà wí. Ọmọ náà ò tilẹ̀ sunkún. Ojú rẹ̀ gbẹ, ó ń wo iwájú bí ẹni tó ti mọ ìgbà tí òjò máa ń dá.

Kip ò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tí wọ́n padà dé. Ó ní òun ò mọ̀ nípa omi kankan, pé kí wọ́n kúrò lórí koríko òun, àwọn tó mọ mọ́tò ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Lyle ká apá aṣọ sókè. Delaney fi kọ́kọ́rọ́ sí ọwọ́ Kip, ó ní òun ti ya fọ́tò bẹ́líìtì náà, ó sì lọ jókòó sínú píkọ́ọ̀pù. Kò sí ohun tó kù fún àwọn àgbà ju kí wọ́n tẹ̀ lé e.

"Ẹ yà sósì níbi ṣọ́ọ̀ṣì," ó wí fún bàbá rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Lyle yà. Mísíìsì Ostrander ṣì wà lórí àtẹ̀gùn rẹ̀. Delaney dá sọ̀kalẹ̀ lọ bá a. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́, opó náà ń fi ọwọ́ júwe, ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì fún un, ó fi ibi tí ọkọ rẹ̀ dí hàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọwọ́ Lyle lọ sápò níbi tí òòfà wà. Ó tún yọ ọwọ́ náà jáde lófìfo. Rhonda wo àwọ̀ mọ́tò náà, ó la ẹnu, ó pa á dé. Wọ́n kó owó wọn sílẹ̀, tọ̀tún tòsì, ọmọ sì gba kọ́kọ́rọ́.

Rhonda ti di ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ mọ́tò aláwọ̀ ilẹ̀ náà mú láti wọlé.

"Ẹ jẹ́ kí n dá lọ, Mọ́mì," ni Delaney wí. Ó wo bàbá rẹ̀ náà, kó lè yé e pé tirẹ̀ ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó wà á jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tan iná tó yẹ kó tan níbi ìyànà, ó yà, wọn ò rí i mọ́.

Àwọn méjì ló kù nínú píkọ́ọ̀pù. Lyle ò tíì ṣáná sí i. Ó yíjú sẹ́yìn, ó na ọwọ́ láàárín àga méjèèjì, ó mú bẹ́líìtì tó kú náà lórí àga tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí rí. Ó fà á. Ó jáde pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ó dán, ó ti fẹ́lẹ́, bí aṣọ tí ọwọ́ kan ṣoṣo ti fà fún ọdún mélòó kan. Ó fi í sílẹ̀. Kò padà.

Rhonda ti yíjú, ó ń wò ó. Lyle tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fi í sílẹ̀, àwọn méjèèjì sì jókòó síbẹ̀, wọ́n ń tẹ́tí sí ìró rẹ̀.