Àwo Jáàsì Tí Òkú Fọn Fèrè Sí

Àwọn èrò ti ń pàtẹ́wọ́ kí Mojíbádé tó jókòó sídìí dùùrù. Ọ̀sán gangan ni, nínú gbọ̀ngàn kan létí ọ̀sà ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, níbi tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fẹ́ gba orin jáàsì wọn sílẹ̀ níṣojú àwọn èrò. Mojíbádé wo ọwọ́ wọn. Wọ́n ká a lé itan, kò sí èyí tó mira. Inú àpò ìrẹsì kan tí Akínlàjà gbé há abíyá ni ariwo àtẹ́wọ́ ti ń jáde. Akínlàjà yìí ló ń bá wọn gba orin sílẹ̀; ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ ni láti kékeré.

“Bùrọ̀dá Akínlàjà, kí ló wà nínú àpò yẹn?”

“Ìyàwó wa, ẹ tẹ dùùrù yín jàre,” ló fèsì, ó sì so ẹnu àpò náà pinpin.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Dùùrù náà rọra sọ fún un pé kó ṣọ́ra, pé etí pọ̀ nínú ilé yìí ju orí lọ. Ibi tí orin ti wọra ni Ẹniafẹ́ ọkọ rẹ̀ ti wọlé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sin ín. Bàtà rẹ̀ rin gbindin, fèrè idẹ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Onílù sún àga fún un láìwo ojú rẹ̀, bí ẹni tó ti mọ̀ pé yóò wá. Ó fọn fèrè. Ó dùn débi pé ògiri gbọ̀ngàn fà sẹ́yìn láti fi àyè sílẹ̀ fún un. Inú Mojíbádé dùn, ṣùgbọ́n ara fu ú: ta ló ránṣẹ́ pè é?

Àwo náà jáde, ó sì gbòde kan. Kò sí ojúlé tí wọn kò ti gbọ́ ọ. Àwọn ewúrẹ́ àdúgbò ń kùn ún lẹ́nu, afárá Èkó ń fi ẹsẹ̀ lu ìlù rẹ̀ nínú omi. Àwọn èèyàn ń dá a dúró lójú ọ̀nà.

“Ìyàwó afọnfèrè, ẹ kú oríire o!”

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ dùùrù. Mojíbádé ra àwo kan, ó gbé e sórí ẹ̀rọ. Ó gbọ́ ìlù, ó gbọ́ fèrè ọkọ rẹ̀. Níbi tó yẹ kí dùùrù ti dún, ẹnì kan ló ń mí, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó fara pamọ́ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

Ó gba ilé Akínlàjà lọ. Bó ṣe wọlé ni pálọ̀ di ilé ìdáná. Akínlàjà ń fi gèlè Mojíbádé nu àwọn àwo orin.

“Ibo lẹ gbé dùùrù mi sí?”

“Ìyàwó wa, òkú ló ń tà. Ta ló fẹ́ gbọ́ alààyè?”

“Ẹ yọ mí kúrò nínú orin tèmi?”

“Èmi kọ́. Ẹ bi ọkọ yín.”

Ẹniafẹ́ wà ní igun yàrá, fèrè há a lábíyá, ó ń bó ẹ̀pà jẹ.

“Ìwọ lo pè mí,” ló wí. “Gbogbo bí o ṣe ń tẹ dùùrù yẹn, orúkọ mi lo ń pè.”

“N kò pè yín,” ni Mojíbádé wí, ṣùgbọ́n kò dá a lójú.

Ó gba fèrè náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fọn fèrè rí láyé rẹ̀. Ó gbé e sẹ́nu, ó fọn ọ́n, dùùrù ló dún jáde, gẹ́gẹ́ bí òun gan-an ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, títí kan ibi tí ìka rẹ̀ ti yọ̀ tó sì fi ọgbọ́n bò ó. Omi lé sí i lójú.

“Ẹ gbọ́? Èmi nìyẹn!”

Àwọn ọkùnrin méjèèjì wo ara wọn. Ẹniafẹ́ dìde, ó ti ìlẹ̀kùn. Akínlàjà ti fèrèsé. Mojíbádé tún gbé fèrè sẹ́nu, ó ń fọn ún lọ. Láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, obìnrin kan tí kò mọ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n tó ti gbọ́ èémí rẹ̀ nínú àwo náà, rọra pè é ní Àbẹ̀kẹ́, orúkọ tí ìyá rẹ̀ nìkan fi ń pè é. Ó ní kó sún kúrò lójú ọ̀nà, pé àwọn ń gbé òkun bọ̀ wọlé.

Mojíbádé sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fèrè ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Omi gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọlé, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì kọrí sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin náà.