Ọwọ́ Géèjì Tí Kò Dìde

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta, ìyàwó mi kú. A sin ín lọ́jọ́ kejì.

Ó fi mọ́tò kan sílẹ̀. Mọ́tò náà dàgbà ju ọmọ wa lọ, irin ni gbogbo ara rẹ̀, àní dáṣíbọ́ọ̀dù pàápàá. Òun ló ni ín, èmi kọ́. Agbẹ̀bí ni, kò sì sí àdúgbò tí mọ́tò náà kò gbé e dé, lójò, lẹ́ẹ̀rùn. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n máa tún un ṣe. Ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo mọ̀ nípa wáyà, inú ìwé tó bá mọ́tò náà wá ni mo ti kọ́ ọ.

Ọmọ wa obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tí a bí, wá láti ìlú òkèèrè tó ń gbé. Nígbà tí àwọn olùbánikẹ́dùn tán nílé, ó jókòó tì mí.

"Dádì, mọ́tò Màámi ni mo máa gbé padà lọ́jọ́ Sátidé."

"Kò lè lọ. Géèjì rẹ̀ ti kú."

"Ṣé géèjì ló ń wa mọ́tò ni?"

"Ẹ́ńjìnnì yẹn máa ń gbóná. Ìyá rẹ kì í gbójú kúrò lára géèjì ooru. Bí o kò bá rí i, òkè àkọ́kọ́ tí o bá gùn ni ẹ́ńjìnnì máa jó. Ìwọ nìkan, lójú ọ̀nà, níbi tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ẹ́."

Ó ń tẹ́ etí ìborùn rẹ̀ lé orúnkún, ó tún ń ká a.

"Ẹ bá mi tún un ṣe, Dádì. Aṣọ wọn, ẹ pín in. Àwo wọn, ẹ fún ẹni tó bá wù yín. Mi ò mú nǹkan kan. Mọ́tò yẹn nìkan."

Mo ní mo gbọ́.

Nígbà tí àìsàn ṣì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ lè jókòó, mo ti tú dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò náà, nítorí ìpẹtà ti ń jẹ irin pẹlẹbẹ tí a de àwọn géèjì mọ́. Mo fẹ́ kùn ún. Ó na ọwọ́ sí mi láti orí àpótí tó jókòó lé.

"Ẹ gbé e wá. Ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì wá pẹ̀lú. Ṣé torí pé ara mi ò yá ni mo wá di ère?"

Ọ̀dà búlúù ló yàn. Ó kun iwájú, ó kun ẹ̀yìn, ó kun etí ihò kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún un pé kò sẹ́ni tó máa rí ẹ̀yìn.

"Ibi tí ojú ò dé ni àrùn ń gbé," ló wí.

Gbólóhùn tó máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ nìyẹn, bí wọ́n bá ń fọ irinṣẹ́. Mo fi í sílẹ̀. Ó tún kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Kò pẹ́ sígbà náà ni kò lè jókòó mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo tó de gbogbo rẹ̀ padà. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Iná tàn. Ẹ́ńjìnnì dáhùn. Géèjì epo àti géèjì ooru kò mira. Ọwọ́ wọn sùn sílẹ̀ gbalaja.

Mo ránṣẹ́ pe rewáyà tó wà ní ìkóríta. Ó ń kọrin wọlé, ó rí ojú mi, ó dákẹ́. Ó yẹ fíúùsì wò, ó ki orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó yọ orí jáde.

"Bàbá, géèjì méjèèjì ti jóná."

"Lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Bóyá ìbejì ni wọ́n, Bàbá."

"Ohun méjì tó bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, ohun kan ló pa wọ́n."

"Há, ẹ̀yin náà ti di ọ̀gá rewáyà! Ẹ jẹ́ kí n gé dáṣíbọ́ọ̀dù yìí, kí n ki ti mọ́tò tuntun bọ̀ ọ́. Ohun tó ti kú, Bàbá, ẹ jẹ́ kó máa sùn."

Nígbà tó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ, ó ṣí fìlà.

"Ẹ má bínú, sà. Ọkàn mi ò sí níbẹ̀ yẹn."

"Kó irinṣẹ́ rẹ."

Ó kó o. Ọjọ́ Ẹtì ti dé nígbà náà. Ọmọ wa ti di ẹrù rẹ̀ tán, ó lọ dágbére fún àwọn ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀. Mo wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lọ fúnra mi.

Iṣẹ́ yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹni tó bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ̀yìn géèjì nìkan ló ń rí, kò lè rí ojú rẹ̀. Ẹlòmíràn ní láti jókòó sókè kó máa wo ọwọ́ géèjì, kó sì máa pariwo ohun tó bá rí. Ìyàwó mi ló máa ń jókòó síbẹ̀. Kò sọ pé ọwọ́ géèjì gbéra rí. Bí ó bá ti mira báyìí, yóò kígbe bíi ti yàrá ìgbẹ̀bí: "Orí ti yọ!" Bí kò bá sì tíì mira, yóò ní, "Bàbá Oníwáyà, ẹ má fipá fà á o. Ọmọ yìí ò tíì ṣetán." Nígbà kan, ẹ̀rín mú mi débi pé mo fi iwájú orí gbá irin.

Mo mú gílóòbù kékeré tí mo so wáyà méjì mọ́, mo fi yẹ ẹ̀yìn géèjì wò. Gílóòbù tàn. Iná ń dé. Mo wá fi wáyà kan so ara géèjì mọ́ irin ẹnu ilẹ̀kùn, mo sì fà jáde láti lọ wò ó. Ọwọ́ géèjì ti dìde.

Géèjì kò kú. Iná ń wọlé, kò rí ọ̀nà padà ni. Nínú mọ́tò yẹn, géèjì kò ní wáyà tí iná yóò bá padà. Ara irin pẹlẹbẹ yẹn ló ń gbà, ibẹ̀ ni yóò ti gba ojú bóòtù kan bọ́ sára mọ́tò. Bí nǹkan kan bá là wọ́n láàárín, ó parí.

Mo tú bóòtù náà, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tó ti jókòó. Ọ̀dà búlúù, tí iná kì í gbà kọjá, bò ó, ó nípọn, kò sán níbì kan. Àtàǹpàkò ìyàwó mi sì tẹ̀ sínú rẹ̀. Ó ti tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti gbẹ. Gbogbo ilà ìka náà hàn, títí kan àpá tó dábùú rẹ̀, níbi tí ìgò oògùn ti gé e.

Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀.

Mo rò ó pé kí n so wáyà gba ibòmíràn, kí n fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí bóòtù mìíràn tó kan ara mọ́tò, wáyà tí a sì fọwọ́ dì mọ́ ilẹ̀kùn yóò tú lójú ọ̀nà gbágungbàgun. Ọwọ́ géèjì yóò sùn padà. Ọmọ yóò wò ó, yóò gbà pé ẹ́ńjìnnì tutù. Géèjì tó ń purọ́ burú ju èyí tó kú lọ.

Mo mú sáńpépà. Mo ha á títí irin fi funfun. Ọ̀dà náà lẹ̀ dáadáa. Ó gba agbára kó tó kúrò.

Mo ti de bóòtù náà padà nígbà tí ọmọ wọlé.

"Dádì, kí ló ṣe ojú yín?"

"Eruku ọ̀dà ni. Jókòó sókè. Máa wo ọwọ́ géèjì, bó bá ṣe nǹkan, sọ fún mi."

Mo gbọ́ tó yí kọ́kọ́rọ́.

"Ó ti ń gòkè, Dádì. Àwọn méjèèjì ni."

N kò jáde. Mo ń retí ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n, nítorí ìyá rẹ̀ kò sọ ọ́ níbòmíràn yàtọ̀ sí ibẹ̀. Ǹ bá ti kọ́ ọ. Ẹnu mi kò là.

"Dádì? Ṣé ẹ gbọ́? Mo ní ó ti ń gòkè."

"Mo gbọ́."

Lọ́jọ́ Sátidé, ó kúnlẹ̀ sẹ́bàá ilẹ̀kùn mọ́tò, mo gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Ẹ máa jẹun o, Dádì. Mo bẹ̀ yín."

"Máa wo géèjì ooru."

Nírọ̀lẹ́, ó pè mí lórí fóònù pé òun ti dé ilé, pé ọwọ́ géèjì kò kọjá àárín ní gbogbo ọ̀nà. Mo ní ó dára. Mo mú ìgbálẹ̀, mo lọ sí ibi tí a ń gbé mọ́tò sí, ṣùgbọ́n n kò gbá a. Ohun tó kù níbẹ̀ nìyí:

Ojú òróró dúdú kan nílẹ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì máa ń wà.

Àpótí ìjókòó rẹ̀, pẹ̀lú tìmùtìmù tó rán sí i.

Agolo ọ̀dà búlúù tó kù sí ìdajì, ojú rẹ̀ ti di awọ.

Búrọ́ọ̀ṣì tó ti le bí igi, nítorí kò sẹ́ni tó rántí fọ̀ ọ́.

Gílóòbù oníwáyà méjì.

Sáńpépà kan, tí mo ká mọ́ eruku búlúù inú rẹ̀.