Mítà Mẹ́ta

Obìnrin náà fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ọ̀dà funfun kúrò lára àpótí kọkànlélọ́gbọ̀n, ó nù ún, ó sì kan páànù àkọlé tuntun mọ́ ọn. Nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ó ku mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni àwọn olùrà máa dé.

Òkúta gbọọrọ bí ọ̀pá ló wà nínú àwọn àpótí náà, mítà mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹ̀rọ ṣe fà wọ́n jáde láti inú ilẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wá yuraníọ́mù tí wọ́n fi ń ṣe iná mànàmáná. Ọkọ rẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀rọ náà. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fi ọ̀dà funfun kọ ìjìnlẹ̀ àti ọjọ́ sára àpótí kọ̀ọ̀kan. Má-Tún-Un-Wọ̀n ni wọ́n ń pè é, nítorí ohun tó bá ti wọ̀n, kò sẹ́ni tó ń tún un wọ̀n.

Lẹ́yìn náà ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù irú iná bẹ́ẹ̀. Ọjà yuraníọ́mù kú, wọ́n ti ibi ìwakùsà pa, wọ́n ní kí tọkọtaya náà máa ṣọ́ òkúta. Ọkọ kú. Ọdún kẹtàlá rèé tí ìyàwó ti ń dá ṣọ́ ọ. Láràárọ̀, á rìn láàárín àwọn àpótí, á máa ka ìkọ̀wé ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń ka lẹ́tà, kì í ṣe bí ẹni ń ṣírò. Ní báyìí, iná ò tó ayé lò mọ́, yuraníọ́mù ò sì tó àwọn tó ń wá a. Àṣẹ dé pé kí wọ́n ha ìkọ̀wé àtijọ́ kúrò.

Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì lé àpótí kejìlélọ́gbọ̀n, ó dúró. Ìjìnlẹ̀ mítà 93 ló wà lára rẹ̀. 93 náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ha kúrò lára ti ìṣáájú. Ó yẹ kó jẹ́ 96. Láti ibẹ̀ dé òpin, gbogbo nọ́ńbà ló fi mítà mẹ́ta dín, páànù tuntun sì tẹ̀ lé àṣìṣe náà.

“Màmá, kí lẹ rí? Ṣé ejò ni?” Awakọ̀ tó kó páànù wá ló béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

“Má-Tún-Un-Wọ̀n ṣì í wọ̀n.”

Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá tó ní kí n tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tórí nọ́ọ̀tì kan? Ẹ jẹ́ ó lọ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa mọ̀?”

“Èmi ti mọ̀.”

“Mítà mẹ́ta péré!”

“Lọ gbẹ́ kànga tó ku mítà mẹ́ta kó kan omi, kí o wá bu péré mu níbẹ̀.”

Ó wo ọjọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 93 náà. Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí kú. Ọkọ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó dé, ó jẹun, kò sọ nǹkan kan. Títí tó fi kú, kò dárúkọ ọmọ náà. Obìnrin náà sì ti gbà tipẹ́ pé òun nìkan ni ikú ọmọ náà dùn.

Ọwọ́ tí kì í ṣì ṣì lọ́jọ́ náà.

Ó yí páànù padà, ó fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà tòótọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Kò sídìí láti da páànù nù. Ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, ó ṣe wọ́n dé ìkẹrìnlélọ́gọ́ta, ó wá padà sí ìkejìlélọ́gbọ̀n tó fi sílẹ̀. Ó ha á. Ọ̀dà funfun dà sí i lẹ́sẹ̀ bí eérú. Ó kan 96 mọ́ ọn.

Nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn àpótí, ó kọ ọ́ pé: Láti àpótí 32, ìjìnlẹ̀ dín mítà mẹ́ta. Mo ti tún un ṣe. Kò kọ ìdí rẹ̀.

“Bí wọ́n bá béèrè ńkọ́, Màmá?”

“Wọ́n mọ̀wé. Kí wọ́n kà á.”

Ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé àpótí lé awakọ̀ lọ́wọ́ kó fún àwọn olùrà, ó gbọn ẹsẹ̀ aṣọ rẹ̀, ó sì jáde.