Ìyá Ìyàwó Kafando Kì Í Bú U

Ohun tó ń dun Tiga Kafando kì í ṣe ohun téèyàn lè rò fún ará ilé mìíràn kí wọ́n má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá ìyàwó rẹ̀ kì í bú u. Ká sọ pé ó ń bú u ni, à bá sọ pé ó kú ìfaradà. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀yà Mọ́sì ni Tiga, ọmọ ẹ̀yà Sámò ni Clarisse ìyàwó rẹ̀, bí Mọ́sì àti Sámò bá sì pàdé ara wọn ní Wagadugu, èébú ni ìkíni. Mọ́sì á ní, "Ẹrú mi, ta ló tú ọ sílẹ̀?" Sámò á ní irọ́ ni, òun gan-an ló ni bàbá-bàbá rẹ̀ lẹ́rú. Ọ̀kan á ní orí ajá lèkejì fi ń jẹun alẹ́, èkejì á ní orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń bẹ ní ìkòkò tiẹ̀ náà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á dì mọ́ ara wọn. Ẹni tí kò bá bú ọ, a jẹ́ pé àlejò lo ṣì jẹ́ lójú rẹ̀.

Màmá Philomène, ìyá ìyàwó náà, kò sì yadi o. Ó ń bú Mọ́sì tó ń ta búrẹ́dì ní Toma, ìlú rẹ̀. Ó ń bú fádà Mọ́sì tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ rẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú ìjọ. Ọkọ ọmọ rẹ̀ nìkan ni kì í bú. Láti ọdún mẹ́rin tí Tiga ti fẹ́ Clarisse, "Ọ̀gbẹ́ni Kafando, ẹ kú ilé o. Ọ̀gbẹ́ni Kafando, ẹ ṣeun" ni, bí ìgbà tó ń bá akọ̀wé báǹkì sọ̀rọ̀. Tiga á jókòó síbẹ̀, á máa dáhùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, inú rẹ̀ á sì bàjẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nínú oṣù kẹrin, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Màmá ní Wagadugu. Dókítà ní ó lè máa lọ sílé rẹ̀ ní Toma, ṣùgbọ́n eruku kò gbọdọ̀ kàn án lójú, atẹ́gùn kò gbọdọ̀ fẹ́ sí i. Màmá ní òun á wọ bọ́ọ̀sì. Kí Clarisse tó lanu, Tiga ti dáhùn. Ó ní láéláé, òun fúnra òun lòun á gbé Màmá délé nínú Píjò òun, fèrèsé pípadé gbọnin gbọnin, éésì amúlétutù á sì máa fẹ́ yẹ́ẹ́.

Bó ti sọ ọ́ tán ni àyà rẹ̀ já. Píjò yẹn dàgbà ju Clarisse lọ. Ó ti pẹ́ tí éésì rẹ̀ ti ń fẹ́ ooru síni lójú bí ẹnu ààrò. Oòrùn oṣù kẹrin sì rèé, tí ewúrẹ́ pàápàá ń bá ènìyàn du abẹ́ igi. Bí ó bá pa fèrèsé dé mọ́ arúgbó nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò ka òun kún ará ilé tẹ́lẹ̀ á kúkú wá ka òun kún ọ̀tá. Ó wakọ̀ lọ bá Boniface Toé.

Boniface ni rewáyà tó mọwọ́ iná ọkọ̀ jù ní àdúgbò wọn, abẹ́ igi dóńgóyárò ló ti ń ṣiṣẹ́. Sámò paraku ni.

"Ẹrú mi dé!" ló fi pàdé rẹ̀. "Kí ló dé? Ṣé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń fa mọ́tò yìí ló kú ni?"

"Mo rí ajá kan tó ń sunkún lọ ní títì," ni Tiga fi dá a lóhùn. "Mo ní kí n yà wò ó bóyá ìwọ lo jẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Jọ̀ọ́, bá mi wo éésì. Àna mi ni mo fẹ́ fi gbé."

Boniface ní kó tan ọkọ̀, kó sì tan éésì. Ó gbé ọwọ́ síbi tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Fáànù ń fẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n gbígbóná ni. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dẹtí sí kọnpírésọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú kí éésì tutù. Ó yẹ kí ojú rẹ̀ dún "kọ́" kó sì máa yí. Kò dún, kò yí. Ó fa wáyà kan láti ara bátìrì, ó fi kàn án lórí. Kọ́! Ó ń yí. Kò pẹ́ tí atẹ́gùn tútù fi ń yọ nínú ọkọ̀.

"Kọnpírésọ̀ yè," ló wí. "Gáàsì ń bẹ níbẹ̀. Iná ni kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó há sọ́nà níbì kan."

Ó mú gílóòbù kékeré tó so mọ́ wáyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ọ̀nà iná náà padà láti iwájú ọkọ̀ wá sẹ́yìn. Ó fi kan ibí, gílóòbù kò tàn. Ó fi kan ọ̀hún, kò tàn. Nígbà tó dé ibi táwọn fíúsì tò sí, ó tàn lápá kan fíúsì éésì, kò tàn lápá kejì. Ó fa fíúsì náà yọ. Okùn inú rẹ̀ ti jó já. Ó ki tuntun bọ̀ ọ́, kọnpírésọ̀ dún kọ́, Tiga sì jó yípo ọkọ̀ nítorí inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn.

"Dúró ná," Boniface wí. "Fíúsì kì í ṣàdédé jó. Ohun tó jó o ṣì wà nínú ilé."

Ó tẹ̀ lé wáyà náà lọ sẹ́yìn iná iwájú, ó tẹjú mọ́ nǹkan kan níbẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Fèrè ọkọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta tí Tiga fọwọ́ ara rẹ̀ so nígbà ọdún tuntun ló rí, fèrè tó ń ké bí akọ màlúù mẹ́ta tó pàdé níbi ìgbéyàwó kan. Ara wáyà éésì ni Tiga so ó mọ́.

"Mọ́sì! Ariwo ni yóò pa yín! Fèrè rẹ yìí ló ń bá éésì mu nínú igbá kan ṣoṣo. Bí àwọn méjèèjì bá ti jọ gbé e sẹ́nu, fíúsì á jó, wàá sì jókòó sínú ooru bí orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nínú ìkòkò. Jẹ́ kí n gé e."

Ó gbé púláyà. Tiga di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ̀rín sì ń pa á débi pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti so fèrè náà ni Boniface ti ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ọjọ́ kan ó ní ó jí àwọn òkú ìlú òun, ọjọ́ kejì ó ní ó mú kí aboyún bímọ sọ́nà. Tòní náà nìyí.

"O fẹ́ gé e kó o lè fi máa pe ajá jọ."

"Òótọ́ ni mò ń bá ọ sọ o."

"Ìgbà wo ni Sámò sọ òótọ́ fún olówó rẹ̀ rí?"

Boniface mi orí. Ó fi fíúsì méjì sínú àpò àyà Tiga. "Gbà, wàá rí i lò," ló wí. Tiga ka ìyẹn náà mọ́ ẹ̀fẹ̀. Ẹ má bú u jù. Bí gbogbo ènìyàn ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ níbẹ̀ nìyẹn: òótọ́ tí ẹni tí à ń bá ṣẹ̀fẹ̀ bá fi èébú dì, èébú nìkan làá tú.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀, aṣọ funfun lójú kan, jígí dúdú lórí rẹ̀. Òun àti Tiga nìkan ló ń lọ, nítorí Clarisse ní ọmọ lọ́wọ́. Éésì ń fẹ́ bí afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn òjò. Nítorí pé àna ń bẹ lẹ́yìn, Tiga kó ara rẹ̀ ní ìjánu, kò fọn fèrè kankan títí wọ́n fi kọjá ìlú Kudugu, tí ọ̀nà di eruku pupa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá ọmọlanke kan tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà láàárín títì. Tiga fọn fèrè.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Éésì náà sì kú.

Òógùn bò wọ́n. Tiga wo jígí òkè. "Màmá, ṣé ooru ò dà yín láàmú?"

"Kò sí wàhálà, Ọ̀gbẹ́ni Kafando. Ẹ ṣeun." Ó ń fi etí gèlè nu ọrùn. "Ẹ ṣeun" yẹn gún Tiga ju ooru lọ. Ó dúró lábẹ́ igi, ó wo fíúsì, ó ti jó. Ó pààrọ̀ rẹ̀, òtútù padà dé, wọ́n sì ń lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bá oníkẹ̀kẹ́ kan tó so adìyẹ kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Tiga fọn fèrè. Éésì tún kú.

Tiga tún dúró. Fíúsì kan ṣoṣo ló kù lápò rẹ̀. Ojú tì í débi tí kò lè yíjú wẹ̀yìn.

"Ọ̀gbẹ́ni Kafando," Màmá wí, "ẹ má bínú. Ojú ni wọ́n dì fún mi, wọn ò dí mi létí. Ìgbàkígbà tí nǹkan yín yẹn bá ké, òtútù ń kú. Ẹni tó tún un ṣe, kò sọ nǹkan kan ni?"

"Ó sọ, Màmá. Àmọ́ Sámò ni."

"Sámò ni. Kí ló wá sọ?"

Tiga dorí kodò, ó ka gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ariwo tí yóò pa Mọ́sì, igbá kan ṣoṣo, títí dórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nínú ìkòkò. Ó parí. Ó yíjú padà, ó rí i tí èjìká Màmá ń gbọ̀n. Ó rò pé ẹkún ni, àyà rẹ̀ já nítorí ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ẹ̀rín ni.

"Wọ́n sọ òótọ́ fún yín, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín!" ni Màmá wí. " Kí ló dé tí ẹ rò pé ẹ̀fẹ̀ ni?"

"Màmá, ta ni Sámò ń bá sọ òdodo ọ̀rọ̀ nínú Mọ́sì? Èmi kọ́." Ẹnu Tiga ti ṣí, kò lè pa á dé mọ́. "Àfi ẹ̀yin. Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ènìyàn gidi, láti ọdún mẹ́rin yìí. Ó ń dùn mí, Màmá. Ẹ bú oníbúrẹ́dì, ẹ bú fádà. Kí ni mo ṣe?"

Màmá bọ́ jígí dúdú, ó sì fi ojú kan tó kù wò ó.

"Tiga," ló pè é. Kò pe orúkọ yẹn rí. "Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. O mú un lọ sí ìlú ńlá. Mo ní bí mo bá bú ọ, tí kò bá dùn mọ́ ọ, orí ọmọ mi ni wàá ti gba ẹ̀san, n kò sì ní sí níbẹ̀. Mo ní kí n máa wò ọ́ ná."

"Màmá, ṣé ẹ ti wò mí tán?"

"Mo ti wò ọ́ tán. Òmùgọ̀ ni ọ́. Sọ̀ kalẹ̀, ẹrú, lọ gé nǹkan yẹn kí ooru tó pa mí, tàbí kí n tà ọ́ ní Toma. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ni wọ́n máa fún mi lórí rẹ, arọ ni wọ́n á sì mú wá."

Tiga sọ̀ kalẹ̀. Ó gé wáyà fèrè, ó di ẹnu rẹ̀ dáadáa, ó ki fíúsì ìkẹyìn bọ àyè rẹ̀. Kọ́! Ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí, ó ń fi apá nu ojú. Nígbà tó wọ ọkọ̀ padà, ó ní eruku ni.

Wọ́n ti rin jìnnà nínú òtútù kí agbo ewúrẹ́ kan tó dí ọ̀nà níwájú wọn. Kò sí fèrè mọ́. Tiga tẹ bíréèkì, ó dúró.

"O ṣeun," Màmá wí láti ẹ̀yìn. "Máa dúró de àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ kí wọ́n kọjá."

Tiga rẹ́rìn-ín, kò fèsì. Àna ni.

"Ṣé o gé ahọ́n rẹ mọ́ wáyà ni? Èmi nìkan ni màá máa bú ara mi dé Toma?"

Tiga wo jígí òkè. Ẹnu rẹ̀ gbẹ, bí ẹni tó fẹ́ tọrọ ìyàwó lẹ́ẹ̀kejì. "Màmá," ó ní, "ẹ rọra sọ̀rọ̀. Bí àwọn ajá abúlé yìí bá gbóhùn yín, wọ́n á sá wọ igbó tán."

Màmá kígbe ẹ̀rín, ó sì fi ọwọ́ gbá ẹ̀yìn àga rẹ̀ gbàgà.

"Wakọ̀ jàre, ẹrú ọ̀lẹ!"

Ewúrẹ́ ti kọjá tán, Tiga sì wakọ̀.